Kì í ṣe òjò ló ń ba mọ́tò jẹ́, omi tó dúró síbi tí kò yẹ ni

Ẹ kú ojú ọjọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí òjò ṣe ń rọ̀ yìí, kò síbi tí mo dé l'Ékòó tí mi ò gbọ́ pé "òjò ti ba mọ́tò mi jẹ́", mo sì fẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí owó tí mọ́tò ń gbà lọ́wọ́ èèyàn lásìkò yìí ti pọ̀ jù. Àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ pé òjò máa pa á, òjò tó ń rọ̀ láti òkè ò lè ṣe é ní nǹkan kan tí ara ẹ̀ bá le. Omi tó wọlé tí ò rọ́nà jáde ló ń dá wàhálà sílẹ̀, àti èyí téèyàn fúnra ẹ̀ wa mọ́tò lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi tí ọwọ́ wáípà ti jáde, ẹ máa rí ike dúdú gbọọrọ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Abẹ́ ike yẹn ni omi tó bá ṣàn kúrò lórí gíláàsì máa ń gbà, ihò sì wà lọ́tùn-ún àti lósì tó ń gbé e sọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn táyà iwájú. Tẹ́ ẹ bá ti ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò, ewé á máa já síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, eruku ọyẹ́ á bá a pò, á jẹrà, á di ẹrẹ̀ dúdú, á sì dí ihò yẹn pa. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá dé báyìí, omi ò ní rọ́nà lọ, á kún, á gba ibi tí AC ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó di inú mọ́tò. Ẹni tó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ló máa kọ́kọ́ sọ pé ẹsẹ̀ òun tutù. Mo ti dúró ti riwáyà kan rí tó tú kápẹ́ẹ̀tì irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, òkè kápẹ́ẹ̀tì gbẹ o, ṣùgbọ́n fóòmù abẹ́ ẹ̀ ló ń fún tí omi ń dà jáde, nígbà tó sì máa ṣí ojú ibi tí wáyà ti so pọ̀ lábẹ́ síìtì, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo ẹnu kọ́pà ẹ̀. Bí iná kan bá wá ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí, tí òmíràn ń tàn lọ́la, irú ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò gba owó rárá. Ẹ kó ewé kúrò, ẹ bu omi kọ́ọ̀pù kan síbẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò bóyá ó ń jáde. Ihò wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan náà, ẹ fi ìka tọ etí ilẹ̀kùn lábẹ́ ẹ máa bá a, tí ẹrẹ̀ bá ti dí i omi á máa gbọ̀n nínú ilẹ̀kùn yẹn tẹ́ ẹ bá ń ṣí i, ibẹ̀ ló sì ti máa dógùn-ún láti inú wá síta. Mọ́tò tó bá ní sunroof, ìyẹn gíláàsì orí òrùlé tó ń ṣí, igun ẹ̀ ní họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó ń gbé omi sọ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ìyẹn náà wò.

Oòrùn ńkọ́? Èmi kì í yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òjò, torí ohun tí oòrùn bá bàjẹ́ láti December dé March lòjò máa ń gbà wọlé nígbà tó bá dé. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn á gan, á máa sán, rọ́bà wáípà á le kankan débi pé tẹ́ ẹ bá tan wáípà nínú òjò á kàn máa ha gíláàsì ni, omi á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi silicone spray pa rọ́bà ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rọ́bà wáípà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí páálí lásán sì wà lójú gíláàsì iwájú tẹ́ ẹ bá páàkì sínú oòrùn. Tàpólì ọ̀rá tí àwọn kan fi ń bo mọ́tò mọ́lẹ̀ yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Ooru àti omi á há sábẹ́ ẹ̀, tí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́ ẹ sọ́tùn-ún sósì, iyanrìn tó wà lára mọ́tò lá máa fi ha ọ̀dà. Tí kò bá sí ibi tó ní òrùlé, ẹ ra ìbòrí aláṣọ tó ń mí, ẹ fọ mọ́tò kẹ́ ẹ tó bò ó, kẹ́ ẹ sì so ó dáadáa.

Ó wá kan omíyalé. Àwa tá a rántí òjò 10 July 2011 l'Ékòó àti ti 26 August ọdún yẹn kan náà n'Íbàdàn, a mọ̀ pé omi ò kí n bèèrè iye téèyàn ra mọ́tò. Kò sì dìgbà tí òjò bá rọ̀ lójú yín. Tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ ní Oyan Dam ní ìpínlẹ̀ Ògùn, á gba odò Ògùn wá bá àwọn ará Ìṣẹ̀rì, Kẹ́tu àti Mile 12, oòrùn lè máa ràn l'Ékòó nígbà yẹn o. Àwọn NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa kà á, tẹ́ ẹ bá sì ń gbé ibi tí omi mọ̀, ẹ ti wá ibi gíga tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí sílẹ̀, kódà kó jẹ́ lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí.

Bọ̀dá kan ládùúgbò wa ń bọ̀ láti Ajah lọ́dún tó kọjá, omi kún ojú títì, ó rí dánfó tó kọjá, ó ní òun náà á kọjá. Mọ́tò kú sáàárín omi. Ó tún un sítáàtì, kò dáhùn, ó tún gbá a, ó dún "kọ̀ọ̀" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Nígbà tí mẹkáníìkì máa tú pílọ́ọ̀gì, omi ló ń yọ níbẹ̀, kọ́nróòdù kan, ìyẹn irin tó gbé písítìnnì, sì ti tẹ̀. Ó dùn mí gan-an nítorí ká ní kò yí kọ́kọ́rọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ká kàn tú pílọ́ọ̀gì, ká da omi jáde, ká pààrọ̀ ọ́ìlì ni. Ohun tó fà á ò le: afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún. Bí písítìnnì bá ń gòkè tó bá omi níwájú, nǹkan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀, kọ́nróòdù yẹn ló sì máa ń tẹ̀. Ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ ò ga nínú mọ́tò kéékèèké, ti àwọn kan wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn iná iwájú níbẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi tiyín hàn yín. Tí omi bá ti fẹ́ kọjá ìdajì táyà, ẹ yí padà, kódà tí gbogbo dánfó Èkó bá ń kọjá. Omi tó ń ṣàn tún burú ju èyí tó dúró lọ, ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà péré lè gbé mọ́tò kékeré kúrò nílẹ̀.

Tó bá wá kú sínú omi, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bátìrì wá pé òun fẹ́ jump ẹ. Ẹ jáde tí omi bá ṣì gbà yín láàyè, ẹ ní kí wọ́n tì í síbi gíga, kí wọ́n yọ orí bátìrì. Tó bá jẹ́ mọ́tò tí gíà ẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, kí wọ́n gbé e lódindi sórí ọkọ̀ towing, kí wọ́n má fi okùn wọ́ ọ. Ẹ fa igi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò, ẹ wo ti gíà náà, tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ má sítáàtì títí wọ́n á fi dà á nù. Ẹ tú kápẹ́ẹ̀tì sá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jẹ́ omi ọ̀sà, iyọ̀ wà nínú ẹ̀, omi mímọ́ ni kí wọ́n fi fọ abẹ́ mọ́tò kíákíá.

Ẹ má ra epo nílé epo tí omi bá bo ojú ilẹ̀ ẹ̀ o, torí omi lè ti wọ táǹkì tó wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì náà, third party tá à ń san 15,000 náírà fún láti January 2023, ẹlòmíì tá a bá kọ lù ló wà fún, kò ní san kọ́bọ̀ fún mọ́tò tiyín tí omi bá gbé e. Comprehensive, ìyẹn èyí tó ń bo mọ́tò téèyàn fúnra ẹ̀, nìkan ló lè ṣe ìyẹn, síbẹ̀ ẹ bi wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá omíyalé wà nínú ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé ẹ máa fi owó lé e ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ náà, mo bẹ̀ yín, mọ́tò tí omi ìjì ti bò l'Amẹ́ríkà ń wọ ọjà wa, wọ́n á ti fọ̀ ọ́, á máa dán. Ẹ fa bẹ́líìtì síìtì jáde tán pátápátá títí dé ìdí, kì í rọrùn fún wọn láti fọ ibẹ̀, àmì omi àti ẹrẹ̀ máa wà lára ẹ̀. Ẹ wo àwọn irin tó de síìtì mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n ti dógùn-ún, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù níbi tí sípíà táyà wà, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn inú mọ́tò pẹ̀lú gíláàsì gbogbo ní títì. Tí wọ́n bá fi pàfíìmù kún inú ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n ń bò.