Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi kún ìyà Tanímọ̀la

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn báyìí, tí dókítà ti sọ pé kò lè gbádùn mọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi, torí àwọn àṣìṣe kan wà tí mo ṣe tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún ṣe. Ọdún mọ́kànlá ni Tanímọ̀la fi gbé lọ́dọ̀ wa níbí, ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ẹ sì mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ẹnì kan wà nígbà yẹn tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé wa ò tíì ní sílíìnì, ìyá mi á kàn bọ́ síta láàárọ̀, á pariwo "Tanímọ̀la! Tanímọ̀la o!", ajá á sáré wá, ẹni tó yẹ kó gbọ́ náà á sì gbọ́.

Télọ̀ ni mí, iwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ, abẹ́ máṣíìnì sì ni ibùsùn rẹ̀. Á gbé àgbọ̀n lé pẹ́dàlì, tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ màá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rọra tì í, á mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, á sún díẹ̀, kó tó di ìṣẹ́jú márùn-ún á ti gbé e padà síbẹ̀.

Omi ni àìsàn yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń mu omi ṣáá, mo ní bóyá ọyẹ́ ló fà á, torí ìgbà ọyẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí tọ̀ sí pálọ̀, ajá tí kò tọ̀ sínú ilé rí láti kékeré, inú bí mi, mo bá a wí, mo wá ń gbé abọ́ omi rẹ̀ kúrò tó bá ti di aago méje alẹ́ kí n lè sùn kí n má jí bá ìtọ̀. Bíi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan mo gbọ́ nǹkan tó ń dún pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ní báfúrúùmù, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, Tanímọ̀la ni mo bá tó ń lá ilẹ̀ báfúrúùmù níbi tí a ti wẹ̀ lálẹ́. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Dókítà ló padà wá ṣàlàyé fún mi pé kíndìnrín, ìwe táwọn àgbà ń pè é, tó bá ti ń bàjẹ́ kò lè fa omi padà sínú ara mọ́, èyí tó bá mu á kàn máa bá ìtọ̀ jáde, torí náà kì í ṣe pé ó ń mu omi jù ló jẹ́ kó máa tọ̀, ìtọ̀ yẹn ló ń gbẹ ẹ́ tó fi ń wá omi kiri. Èmi wá gba omi lọ́wọ́ ẹni tí òùngbẹ ń pa.

Ẹ má gbé omi kúrò níwájú ajá tó ń ṣàìsàn o. Kó tọ̀ síbi tó bá wù ú, omi àti ọṣẹ wà, a máa fọ ilẹ̀.

Àṣìṣe kejì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní dókítà ajá, mi ò bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́. Ó wò ó, ó ní orúnkún ló ń dùn ún torí ó ti dàgbà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n lọ ra ibuprofen tí èèyàn ń lò ní kémíìsì kí n máa fún un lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lọ́jọ́ kẹta Tanímọ̀la ń bì, èébì ọ̀hún dúdú bíi pé wọ́n da èédú sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibuprofen kì í ṣe oògùn ajá, ó máa ń dá egbò sínú ikùn wọn, ó sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ti Tanímọ̀la yìí sì ti ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Parasítámọ̀ náà, ẹ má fún un láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, diclofenac bákan náà. Àjọ kan wà tó ń forúkọ àwọn dókítà ẹran sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Veterinary Council of Nigeria lorúkọ ẹ̀, ẹ bi ẹni tó fẹ́ gún ajá yín lábẹ́rẹ́ bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Dókítà gidi kì í bínú sírú ìbéèrè yẹn.

Dókítà gidi tí a wá rí, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí ẹnu rẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀. Ó ní kí èmi náà gbóòórùn ẹ̀. Ó ń rùn bí ìtọ̀. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa kó jáde ló ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó fi dé ẹnu, èrìgì rẹ̀ ti funfun, egbò ti wà lábẹ́ ahọ́n. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní creatinine, òun ló ń fi hàn bí ìdọ̀tí yẹn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ti Tanímọ̀la jẹ́ 7.8, dókítà ní ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín àìsàn yìí sí, tó bá ti kọjá 5 ó ti wọ ìpele kẹrin nìyẹn, kò sì sí ìkarùn-ún. Mo ní ṣebí ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló fi ṣàìsàn. Ó ní rárá, ó ti pẹ́ lára ẹ̀, pé kíndìnrín ò ní pariwo títí bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ rẹ̀ á fi lọ. Mi ò gbà. A háyà mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, gbogbo ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ìkirè sí Aṣejírẹ̀ ni mo fi ń gbàdúrà, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wa níbẹ̀. Mi ò kábàámọ̀ lílọ yẹn, torí ọkàn mi balẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ pé a ti béèrè débi tó yẹ. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sí Èkó, ẹlòmíì á gbé àgbo wá, ajá tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ má jẹ́ kó lò ó tán sínú mọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la tún rí lò pẹ̀lú ẹ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì dùn. Dókítà kọ́ mi bí mo ṣe máa fi dírípù sábẹ́ awọ rẹ̀ láàárín èjìká méjèèjì lọ́jọ́ méjì-méjì, á wú síbẹ̀ bíi pé ó gbé ẹrù pọ̀n, tó bá di àárọ̀ ara á ti fà á tán. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ń gbọ̀n, àmọ́ abẹ́rẹ́ ṣá ni mo fi ń jẹun, ọwọ́ mi padà mọ̀ ọ́n. Ẹran àti egungun kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, orí ẹja tó fẹ́ràn náà lọ, ìrẹsì funfun àti funfun ẹyin ló kù, màá bomi gbígbóná díẹ̀ sí i kó lè ta sánsán. Nígbà tó tiẹ̀ wá kọ ìyẹn náà, dókítà ní kí n fún un ní ohunkóhun tó bá fẹ́. Mo ra súyà tí wọn ò fi ata àti àlùbọ́sà sí ní Sábó, ó jẹ ẹyọ kan, ó lá ọwọ́ mi.

Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ torí egbò yẹn, àwọn ará àdúgbò bá ní ó ti di digbòlugi, àwọn ọmọdé ń sá, ẹnì kan ti ń wá igi. Mi ò bá wọn jà, torí digbòlugi kì í ṣe ohun eré, ó ń pa èèyàn. Mo mú káàdì àjẹsára rẹ̀ jáde, mo fi han ilé kọ̀ọ̀kan, ọdọọdún la ń gbà á. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ sì tọ́jú káàdì ẹ̀, lọ́jọ́ yẹn òun ló gba ajá mi lọ́wọ́ ìgbájú igi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an wá nìyí. Dókítà ní kí n máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lálaalẹ́. Ṣé ó jẹun? Ṣé omi dúró nínú ẹ̀? Ṣé ó dá dìde? Ṣé ó mi ìrù nígbà tí ọmọ mi dé láti iléèwé? Ṣé ó sùn? Tí ọjọ́ bá dáa, màá fi ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi ń sàmì sáṣọ fà á, tí kò bá dáa, pupa. Ó ní tí pupa bá ti ń tẹ̀ léra wọn, kí n pe òun, òun á wá fún un lábẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ. Búlúù ló pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì kan, pupa márùn-ún ti tò tẹ̀ léra.

Mo yí ojú kàlẹ́ńdà náà sí ògiri.

Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, òun náà ni kó gbà á. Òótọ́ ni mo gbàgbọ́ nínú ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló dá mi dúró, ẹnu ayé ni mò ń bẹ̀rù, pé wọ́n á ní mo ní kí wọ́n pa ajá tó ṣọ́ mi fọ́dún mọ́kànlá. Ọjọ́ Ẹtì lọ, Àbámẹ́ta lọ, kò lè gbórí mọ́, ó ń kérora lóru, mò ń fi òwú tí mo rì sómi nu ètè ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí mo dé, eṣinṣin bà sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó ń rìn lọ síbi ẹyinjú. Tanímọ̀la ń wò ó. Kò lè mi orí. Ajá tó máa ń fi ẹnu gbá eṣinṣin mọ́ òfurufú, tí ọmọ mi á máa pàtẹ́wọ́ fún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá yẹn, èmi ni mo lò ó, òun ló ń san owó ẹ̀. Mo pe dókítà níbẹ̀, ó ní ó di ọ̀la kóun tó lè dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè a tẹ́ ìró mi kan sábẹ́ igi máńgòrò. Màá sọ bó ṣe rí torí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wà fún oorun, itan ló gbà á, nígbà tó yá èjìká ẹ̀ rọ̀, mo gbọ́ tó ń hanrun díẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti hanrun kẹ́yìn. Ìkejì ni wọ́n gún sí iṣan ọwọ́ iwájú, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ojú ò ní pa dé, ẹ má bẹ̀rù. Ó lè tún mí ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ọkàn ti dúró, ìtọ̀ lè dà, kì í ṣe pé ó padà wá, kì í sì í ṣe ìrora. Ẹ dúró tì í, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín. Orúkọ rẹ̀ ni mo kàn ń pè.

Kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yẹn kó jìn o, torí oògùn yẹn ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀, ohun tó bá hú u jẹ lè kú, tẹ́nì kan bá sì fẹ́ rà á fún jíjẹ, ẹ sọ ìdí tí kò fi ṣeé jẹ fún un. Obìnrin kan dúró lójú ọ̀nà, ó ní Ifẹ̀ tá a ti ń fi ajá bọ Ògún lẹ ti ń sunkún ajá báyìí. Bàbá mẹkáníìkì tó wà níwájú ilé wa gbọ́ ọ. Ọmọ Ògún ni bàbá yìí o, kì í ṣàìdé Òkè Mògún lọ́dún Ọlọ́jọ́. Bàbá ò dá a lóhùn, ó wọlé lọ mú ṣọ́bìrì rẹ̀ wá, ó gbẹ́ ilẹ̀ yẹn dé ìbàdí, ó ní kí n yọ okùn ọrùn rẹ̀ kí a tó gbé e wọlẹ̀, pé kò yẹ kó so okùn lọ.

Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà, mo parọ́ fún un lálẹ́ yẹn pé Tanímọ̀la ń sùn. Ó kọ̀ kò sùn fọ́jọ́ méjì, ẹ̀rù oorun ń bà á. Mo wá pè é jókòó, mo ní ó kú, àìsàn ló pa á, a sì ràn án lọ́wọ́ kó má jìyà mọ́. Ó sunkún, ó ní ṣé òun lè lọ wo ibẹ̀, a jọ lọ. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sunkún tó bá ń gbọ̀n yín, ẹni tó bá ní ajá lásán ni, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó pẹ́ kí n tó yéé fẹsẹ̀ wá orí ẹ̀ kí n tó tẹ pẹ́dàlì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá oníbàárà mi kan ní Mọ̀ọ̀rè ránṣẹ́ pè mí, ajá tiwọn náà ti ń rù, dókítà ti sọ̀rọ̀ ìwe fún wọn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì dání lọ. Kí n tó kí wọn tán lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti ń bi wọ́n pé níbo ni abọ́ omi rẹ̀ wà.