Ẹ má kúrò ní Fort Ticonderoga láìgun òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀

Inú ṣì ń bí mi nípa oúnjẹ tí a jẹ lọ́nà, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Albany ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Fort Ticonderoga, ilé odi àtijọ́ tó wà lápá òkè ìpínlẹ̀ New York, létí adágún Champlain. Bí a ṣe yà kúrò ní ọ̀nà márosẹ̀ tí a wọnú igbó ni nẹ́tíwọ̀kì lọ, ebi sì ti ń pa wá. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo la rí. Ẹran lílọ̀ tó wà láàárín búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá tutù, ọ̀dùnkún díndín rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, kò níyọ̀, kò láta. Ìgbà tí wọ́n mú ìwé owó dé ni mo rí i pé wọ́n ti fi owó agbóúnjẹ kún un láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti sanwó kí n tó parí ọ̀rọ̀. “Fi wọ́n sílẹ̀, àbúrò mi, a ò wá síbí wá jà.” Èmi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tí èèyàn ṣiṣẹ́ kó jọ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fi ra oúnjẹ tútù. Ẹ se ìrẹsì yín látilé, ẹ gbé e sínú kúlà, kí ẹ tó forí lé ọ̀nà yẹn.

Ojú mi le nígbà tí a dé ẹnu géètì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú odi náà tù mí nínú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ aṣọ sójà ayé àtijọ́ ló mú wa yíká. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn fúnra àwọn ló ń fọwọ́ rán an, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń ṣe bàtà. Ó mú wa lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rán an. Ibi tí èèyàn bá ti fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó ìwọlé kì í dunni.

Mo ti ń rò ó tipẹ́ pé kí ló dé tí àwọn ọba òkèèrè fi ń para wọn nítorí igun ilẹ̀ kékeré yẹn. Omi ni. Igbó kìjikìji ló wà níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, kò sí ọ̀nà tí ẹgbẹ́ ogun lè fi kó ẹrù gbà á kọjá. Ẹni tó bá ń ti Kánádà bọ̀ á wa ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Champlain wá sí gúúsù, á bọ́ sí adágún George, lẹ́yìn náà á wá ọ̀nà dé odò Hudson. Láàárín adágún méjèèjì, omi ń já láti òkè, ọkọ̀ ò lè kọjá, dandan ni kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n gbé e. Ẹnu ibẹ̀ gan-an ni àwọn Faransé mọ odi sí láti 1755, tí wọ́n pè é ní Carillon. Àwọn Mohawk àti Abenaki, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, ti ń gba ọ̀nà omi yẹn kí òyìnbó kankan tó débẹ̀.

Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù kò sí nínú odi. Ìta ni, lórí ilẹ̀ gíga kan ní ìwọ̀ oòrùn, tí ọ̀nà ẹsẹ̀ gba inú igbó lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1758, Ọ̀gágun Abercromby kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó tó nǹkan bíi 16,000 wá. Montcalm, olórí àwọn Faransé, ò ní ju bíi 3,600 lọ. Ó ní kí gbogbo wọn mú àáké. Wọ́n fi ìtì igi ṣe ògiri, wọ́n sì da igi púpọ̀ dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ tẹ̀ka-tẹ̀ka, wọ́n gbẹ́ ẹnu ẹ̀ka náà ṣónṣó kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè há síbẹ̀. Abercromby ní ìbọn àgbá tó lè fọ́ gbogbo rẹ̀ yángá, ẹ̀yìn ló fi wọ́n sí. Ẹnjiníà rẹ̀ kan ti sọ fún un pé àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lè gba ibẹ̀. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ló fi ń rán wọn lọ, ọ̀wọ́ tẹ̀lé ọ̀wọ́. Bíi 2,000 nínú wọn ló kú tàbí fara gbọgbẹ́. Ẹgbẹ́ Black Watch, àwọn ọmọ Scotland, pàdánù ju ìdajì wọn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo.

Mo dúró níbi òkúta ìrántí wọn, ẹ̀fọn ń jẹ mí (ẹ mú ìpara tó ń lé ẹ̀fọn dání, igbó yẹn ò dára láìní in), inú mi sì bàjẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Abercromby ṣì ní èèyàn ju Montcalm lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà tó sá padà. Ọdún kejì, Amherst, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, débẹ̀ pẹ̀lú ìbọn àgbá, àwọn Faransé díẹ̀ tó kù sì dáná sí ilé ẹ̀tù wọn, wọ́n lọ, odi náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà dìde sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, Ethan Allen àti Benedict Arnold, méjì nínú àwọn olórí ogun wọn, gba odi náà ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, 1775, lọ́wọ́ sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò tó 50. Nígbà òtútù ọdún náà, Henry Knox, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, fi màlúù àti ẹṣin wọ́ nǹkan bí ìbọn àgbá 59 lórí yìnyín lọ sí Boston, ìrìn bíi máìlì 300. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí ibi tí wọn ó ti dárúkọ ìlú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn náà rì sínú odò ní Albany, àwọn ará ìlú bá Knox fà á jáde, ó sì sọ ọ́ ní Albany. Gbogbo ọ̀nà la fi ń gbọ́ ọ nígbà tí a ń padà.

Ẹnì kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ adúláwọ̀ tó bá débẹ̀ béèrè. Lemuel Haynes lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, wọ́n sì fi í ṣe ìwọ̀fà láti kékeré títí ó fi pé ọmọ ọdún 21. Ó wà lára àwọn tó ṣọ́ odi yìí ní 1776. Ọdún yẹn náà ló kọ̀wé pé òmìnira tí wọ́n ń jà fún tọ́ sí àwọn ẹrú pẹ̀lú. Ó di pásítọ̀, ó sì fi 30 ọdún wàásù fún ìjọ òyìnbó ní Rutland, ní Vermont. Àwọn ọmọ tí mo bá pàdé níbẹ̀ ló mọ Ethan Allen, èmi fẹ́ kí wọ́n mọ Haynes náà.

Lẹ́yìn ogun, àwọn ará agbègbè ń kó òkúta odi náà lọ kọ́lé. Ìdílé Pell ra ilẹ̀ rẹ̀ ní 1820, àtúnkọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 1900, wọ́n sì ṣí i fáráyé ní 1909. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Òkè ló kù. Mount Defiance ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ ń gùn ún dókè, tíkẹ́ẹ̀tì odi náà ló kárí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ wà nínú odi wọ ọkọ̀ wọn lọ láìdébẹ̀, ó dùn mí fún wọn. Ní 1776, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Trumbull sọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ọ̀tá lè ti orí òkè yẹn yin ìbọn sínú odi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó yin ìbọn àgbá láti ìsàlẹ̀, ọta fẹ́rẹ̀ẹ́ kan góńgó òkè, síbẹ̀ wọn ò fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ní oṣù Keje 1777, Burgoyne, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìbọn gorí rẹ̀. St. Clair, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó di odi náà mú, rí i láàárọ̀, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò lóru. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ ológun ní 1778, wọ́n dá a láre.

Láti òkè yẹn, èèyàn ń wo odi náà láti òkè délẹ̀, bó ṣe rí bí ìràwọ̀, àgbàlá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi náà dá St. Clair láre. Ẹ̀mí àwọn èèyàn tó kó jáde ṣe pàtàkì ju òkúta lọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní 1776 ni mo dá lẹ́bi.