Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Dún Gbàà

Èjìká mi ọ̀tún ló kọ́ kàráté, iṣan ẹ̀yìn itan mi ló kọ́ taekwondo, gbogbo ẹran ara tó kù ló kọ́ júdò. Nítorí náà, tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń jiyàn níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa ní Òkè-Àró pé èwo ló lágbára jù nínú àwọn ìjà tí wọ́n ń kọ́ yìí, èmi kì í pariwo. Mo máa ń fara balẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí pé jíjókòó gan-an ti di nǹkan tí mò ń fètò sí.

Kàráté ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Erékùṣù Okinawa ló ti wá, Gichin Funakoshi ló sì gbé e dé Tokyo lọ́dún 1922. Kóòṣì wa fẹ́ràn ìtàn yìí débi pé tí òjò bá ti ká wa mọ́ inú ilé, Funakoshi la máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni kata, níbi tí èèyàn ti ń bá afẹ́fẹ́ jà ní ẹsẹẹsẹ, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, tí afẹ́fẹ́ náà kò sì ní gbẹ̀san. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Kò sí afẹ́fẹ́ náà ní Àkúrẹ́ tí mi ò lè lù bolẹ̀. Ìgbà tó kan pé ká kojú ara wa ni wàhálà dé. Wọ́n ní kí ẹ̀ṣẹ́ yá, kó le, àmọ́ kó dúró kó tó kan ẹnìkejì. Mo bi Kóòṣì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ọmọ ìta bá dá mi lọ́nà lẹ́bàá Ọjà Ọba, ṣé òun náà á dá ẹ̀ṣẹ́ tiẹ̀ dúró?" Kò dá mi lóhùn. Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n máa fọwọ́ ti ara mi sókè títí òun á fi rántí mi. Kò tètè rántí.

Igbe ló lé mi kúrò níbẹ̀. Tí èèyàn bá ju ẹ̀ṣẹ́, ó ní igbe kan tó gbọ́dọ̀ ti inú ikùn jáde, kiai ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó ń kó agbára jọ. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, mo ké e lẹ́yìnkùlé. Bàbá onílé yọ sí mi tòun ti àdá, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà lára wọn, wọ́n ní olè náà dà. Mo ní èmi ni, sà. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní tí n bá tún ké bẹ́ẹ̀, èmi náà ni àwọn máa ṣá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá fà mí lọ sí taekwondo, ìjà àwọn ará Kòríà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní ṣé mi ò rántí Chika Chukwumerije, tó fi taekwondo gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2008? Mo rántí. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé Chukwumerije ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn. Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì wọn nìyí: ẹ̀ṣẹ́ sí àyà, ẹyọ kan, ẹsẹ̀ sí àyà, méjì, ẹsẹ̀ sí orí, mẹ́ta. Ta ló máa gbọ́ irú ìṣirò yẹn tí kò ní máa wá orí kiri? Orí ẹlòmíràn wá ga jù fún mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe, ibi tó sì ga jù tí ẹsẹ̀ mi dé rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ìwé ni ẹnu ọ̀nà mọ́tò akérò.

Mi ò ra aṣọ wọn. Télọ̀ ni mo gbé tẹ́tírọ́ọ̀nù funfun lọ bá. Bó ṣe rí funfun, ó ti gbà pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó sì gé ìdí ṣòkòtò náà bó ṣe yẹ ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sílé àdúrà. Nígbà tó kàn mí láti ta ẹsẹ̀ sókè, mo mí sínú, mo gbé e. Mo gbọ́ "ṣàà!" Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé iṣan mi ló já. Iṣan kọ́. Ìdí ṣòkòtò ló ya láti iwájú dé ẹ̀yìn, atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ sì wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé tó so mọ́ ojú fèrèsé pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iṣan náà já.

Mèágáàdì ilé kejì, ọmọ Hausa, rí mi níbi tí mo ti ń tiro, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ṣàlàyé máàkì fún un, ẹsẹ̀ sí orí, ẹsẹ̀ sí àyà. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá fi dambe tiwọn hàn mí: ọwọ́ tó lágbára ni wọ́n ń fi okùn wé, òun ni ọ̀kọ̀, ọwọ́ kejì ni asà. Kò sí ìṣirò kankan nínú ẹ̀. Tí ọwọ́, orókún tàbí ara ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀, wọ́n ti "pa" á nìyẹn, kó dìde kó máa lọ. Ó ní kí n gbé ọwọ́ wá, kí òun bá mi wé e. Mo dúpẹ́ gidigidi. Mo wọlé.

Júdò ni mo wá fìdí kalẹ̀ sí, ìdí náà sì kan ilẹ̀ lóòótọ́. Jigoro Kano ló dá a sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882. Látọdún 1964 ló ti wọ ìdíje Òlíńpíìkì; kàráté ní tirẹ̀ kò ráyè wọ̀ ọ́ àfi ìgbà ti Tokyo 2020 tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. Àwọn oníkàráté kì í fẹ́ gbọ́ eléyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ọ́.

Níbi tí a ti ń kọ́ ọ, kò sí ẹní Jàpáàn kankan. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó ni wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n wá na tapólì tí wọ́n fi ń sá kòkó lé e lórí. Òórùn kòkó ṣì wà lára ẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ ọ sílẹ̀ pẹ́, tí imú rẹ lẹ̀ mọ́ ọn, wàá mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó lo wà. Ojú ibi tí fóòmù méjì ti pàdé ni kó o sá fún, torí sìmẹ́ńtì ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, gbogbo ẹni tí kò gbọ́ ìkìlọ̀ ló sì fi ìgbáròkó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ èèyàn ni ìṣubú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ tẹ̀ lé e ni ìṣubú. Ukemi lorúkọ rẹ̀. Tó o bá ń ṣubú sẹ́yìn, àgbọ̀n rẹ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa kanlẹ̀. Má fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba ara rẹ dúró, ibẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ ti ń kán. Gbogbo apá ni kó o nà, látorí èjìká dé àtẹ́lẹwọ́, kó o fi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀yìn rẹ ń balẹ̀, kí agbára ìṣubú náà lè pín káàkiri dípò kó kóra jọ síbì kan. Èyí tó jẹ́ ti iwájú sì wà, tí wàá fi apá àti àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ tí ikùn rẹ kò ní kàn án. Ìyá mi ì bá rí i, wọn ì bá ní ta ni mò ń kí.

Nílé, ìyàwó mi á bi mí pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?"

"A ṣubú."

"Tàná ńkọ́?"

"Àná náà, ìṣubú ni."

Ó gbé ọbẹ̀ tó ń rò kúrò lórí iná. "Ẹ ń sanwó kí wọ́n lè máa gbé yín ṣubú? Ẹ kúkú kó owó náà fún mi, kí n máa bá yín ṣe é nílé."

Báyìí la wà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi onítaekwondo yẹn fẹ́ gbéyàwó. Gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká ni ìdána ti wáyé. Bàbá ìyàwó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n bàbá tó bí ìyá ìyàwó wá láti Ọ̀fà, wọ́n sì jókòó ní iwájú pátápátá pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Alága ìjókòó ọjọ́ náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Ó ti gba owó ìpẹ́lẹ́yìn lọ́wọ́ wa, ó gba owó pé a kò kí àwọn ìyá dáadáa, ó gba owó pé fìlà ẹnì kan tẹ̀ sápá òsì bí ẹni tí kò tíì láya, ọ̀gbẹ́ni náà sì ti bí ọmọ mẹ́ta.

Ó wá kan ìdọ̀bálẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ ọkọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ ìyàwó, aṣọ ẹbí wa ń dán. Bàtà mi tuntun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, táìsì ni. Ọmọdé kan sì ti da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí, kò sẹ́ni tó rí i. Alága pariwo nínú makirofóònù pé, "Ẹ na gbalaja o!" Gbogbo wọn lọ síwájú. Bí èmi náà ṣe ní kí n tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ mi méjèèjì yọ̀, mo sì ń lọ sẹ́yìn.

Mi ò ráyè ronú. Ara ló dá a ṣe. Àgbọ̀n lẹ̀ mọ́ àyà, fìlà fò lọ, apá méjèèjì jáde nínú agbádá, ó di GBÀÀ! Ó dún lórí táìsì náà bí ìgbà tí ọmọ odó bá já bọ́ sínú odó òfìfo, makirofóònù sì gbé e kiri gbọ̀ngàn. Onílù dákẹ́. Ìyá kan ké pé, "Yéè! Wọ́n ti yìnbọn fún un!"

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mò ń wo fáànù òkè. Kò síbi tó ń dùn mí àyàfi àtẹ́lẹwọ́ tó ń ta mí bí ata.

Alága ìjókòó ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ̀yin ará ilé ọkọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Níhìn-ín, àyà la fi ń dọ̀bálẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn lẹ fi ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín?"

Alága ìdúró, tó jẹ́ agbẹnusọ tiwa, kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. "Ọ̀wọ̀ ló pọ̀ lára ẹ̀, màámi. Ó rí i pé ti àyà kò tó yín."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà, ọmọ Ọ̀fà, ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọ̀pá sókè, gbogbo ilé sì dákẹ́.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, àbí kò kanlẹ̀?"

"Ó kanlẹ̀, Bàbá!"

"Ó parí. A ti dá wọn."

Onígángan kò tún dúró gbọ́ ohun kankan mọ́, ó ti gbé e: *ìjàkadì lorò Ọ̀fà*. Àwọn ará ilé ìyàwó dìde, wọ́n ń jó, wọ́n ń na ìka sí wa. Ṣebí èmi kúkú mọ òfin. Mo jókòó nílẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà. Ní júdò, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé èèyàn kó tó di pé ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé mi."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n wò mí dáadáa.

"Kò sẹ́ni tó gbé ọ?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ nìkan lo wà níbi ìjà, ìwọ náà lo tún pòfo?"

Ọkọ ìyàwó, tó ṣì na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú táìsì pé, "Jọ̀ọ́, máa dákẹ́. Owó mi ló ń lọ."

Lóòótọ́ ló ń lọ. Wọ́n gba owó ìpòfo, wọ́n gba owó pé mo jiyàn pẹ̀lú àgbà, Alága tún gba owó àyà tí mo já òun. Lẹ́yìn náà ló ní ìró yẹn wu òun, kí gbogbo wa dìde, ká tún un ṣe, kó dún bẹ́ẹ̀ láti iwájú. Bí mo ṣe di kóòṣì nìyẹn, nínú agbádá, níwájú àwọn àna. Mo kúnlẹ̀, mo fi apá hàn wọ́n: má fi ikùn balẹ̀, má fi ọrùn ọwọ́ gba ara rẹ, apá ni, apá! A lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbàà! Owó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí wa lórí. Ẹnì kan nínú wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kò gbọ́ ẹ̀kọ́, ó fi ikùn balẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ méjì sì yí lọ sábẹ́ àga Bàbá àgbà. Bàbá fi ọ̀pá dá wọn padà sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn àbúrò ìyàwó ti ka gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Kí n tó délé, fídíò náà ti yí gbogbo WhatsApp Àkúrẹ́ ká, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, tó ní òun ti wá rí ibi tí owó òun ń lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì júdò wa náà. Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́, mo sì ti ń retí pé á kí mi, ó kéré tán á bi mí bóyá mo ṣèṣe.

Ó kọ ọ́ pé: "Àgbọ̀n dára. Ọwọ́ òsì pẹ́. Tètè dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."