Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Mi Ò Ra Ilé, Ìwé Ilé Ni Mo Kà

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, mo kọ gbólóhùn kan sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé àjákọ mi: "Kí ọdún yìí tó parí, mo gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú ilé okòwò kan." Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọdún ti fẹ́ lọ báyìí o, mi ò ní ìpín nínú ilé okòwò kankan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi kẹ́dùn, ẹ dúró díẹ̀ ná.

Ohun tí mo ń pè ní ilé okòwò nígbà yẹn ò ju ilé gogoro onígíláàsì lọ. Bí mo bá ń kọjá níwájú ọ̀kan, mo máa gbójú sókè, mo máa ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, mo máa fọkàn ṣírò iye tí onílé ń pa. Mi ò mọ̀ pé ọ́fíìsì ní ìwà tiẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ní tiẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ní tiẹ̀, àti pé òtẹ́ẹ̀lì ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ní alaalẹ́, nítorí ayálégbé ẹ̀ ò ju ọjọ́ kan méjì lọ. Ilé gbígbé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé inú rẹ̀ náà, àwọn olùdókòwò ń kà á mọ́ ọn. Ìyẹn yà mí lẹ́nu.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, fídíò ni mo ń wò. Mo lè ka gbogbo orúkọ wọn bí ẹni ń ki oríkì: cap rate, NOI, DSCR, triple net. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé kí ni ọ̀kan ń ṣe sí èkejì, ikọ́ ló máa gbé mi.

Oṣù kẹrin ni mo pàdé Màmá kan tí wọ́n ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún bá àwọn onílé bójú tó ilé okòwò. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn ò fẹ́ràn ariwo. Mo fi fọ́tò ilé kan hàn wọ́n lórí fóònù, inú mi ń dùn, mo ń ròyìn bí ilẹ̀ ẹ̀ ṣe ń dán àti bí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ṣe ń ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n wo fọ́tò náà fìrí, wọ́n dá fóònù mi padà.

"Ó dáa. Ta ló wà níbẹ̀? Èló ló ń san? Ìgbà wo ni ìwé àdéhùn ẹ̀ máa parí?"

Mi ò mọ ọ̀kankan.

"Ọmọ mi, o ò tíì rí ilé nìyẹn. Ògiri lo rí."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú òwò yìí, ayálégbé là ń wò ká tó sọ iye ilé. Gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dún yìí, abẹ́ ìbéèrè mẹ́ta Màmá yẹn ló wà.

Ilé tí èèyàn fúnra rẹ̀ ń gbé, iye tí aládùúgbò ta tiẹ̀ la fi ń díwọ̀n tẹni. Ti okòwò yàtọ̀. Owó tó ń wọlé lọ́dún, bí a bá ti yọ ìnáwó ilé kúrò, òun ló ń sọ iye ilé. Èyí tó ṣẹ́ kù yẹn ni NOI. A ò tíì san ti báǹkì nínú ẹ̀ o, a ò sì tíì san owó orí tí wọ́n ń bu lé onílé lórí èrè rẹ̀. Ẹ wá fi iye tí wọ́n ń ta ilé pín NOI, ohun tó bá jáde ni cap rate. Ẹ lè yí i padà pẹ̀lú: bẹ́ ẹ bá mọ cap rate tí àwọn olùrà ń bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ fi pín NOI, iye ilé á jáde.

Ibi yíyí padà yẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ilé tí NOI rẹ̀ jẹ́ 60, bí àwọn olùrà bá gbà sí 5%, 1,200 ni. Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbà mọ́ àfi 6.25%, ó di 960. Ayálégbé kan ò kó jáde, búlọ́ọ̀kù kan ò yẹ̀ nídìí, síbẹ̀ ìdá kan nínú márùn-ún iye ilé ti fò lọ. Ohun tó sì lè sún àwọn olùrà síbẹ̀, bí èlé báǹkì, kò sí lọ́wọ́ onílé rárá. Láàárín oṣù kẹta 2022 sí oṣù keje 2023, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé rẹ̀ kúrò ní ìtòsí òdo lọ sí àárín 5.25% àti 5.50%. Ẹni tó ra ilé nígbà tí èlé wà nílẹ̀, tí àsìkò wá tó fún un láti yá owó tuntun fi san gbèsè àtijọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ó mọ̀ ọ́n lára. Ti àwọn onílé ọ́fíìsì tún le sí i, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ látilé láti 2020.

Ní oṣù keje, ẹ̀gbọ́n kan tí a ti jọ mọra tipẹ́ gbé ilé kan wá. Ilé alájà mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan nísàlẹ̀, ọ́fíìsì kéékèèké lókè. Àwa mẹ́fà la máa da owó jọ, báǹkì á gbé èyí tó kù. Kí n má baà tú àṣírí owó ẹni ẹlẹ́ni, ẹ jẹ́ ká ní 100 ni gbogbo owó ilé tó máa wọlé lọ́dún bí kò bá sí yàrá kan tó ṣófo. Ìwé tí olùtà kó fún wa ní ìnáwó jẹ́ 20, NOI 80, iye ilé 1,000. Ìyẹn 8%. Orí mi wú. Mo ti ń wo irú aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ síbi tí a ó ti fọwọ́ síwèé.

Mo gbé ìwé náà tọ Màmá lọ. Wọn ò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ibi tí àròpọ̀ wà.

"Ilé yìí ò ṣófo rí?" Mo wò ó títí, olùtà ò yọ nǹkan kan fún yàrá tó ṣófo tàbí ẹni tí kò san. "Ta ló ń bójú tó o?" Olùtà fúnra rẹ̀ ni, kì í sì í sanwó fún ara rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rà á ńkọ́, ọ̀fẹ́ lẹ máa ṣe é?" Mo dákẹ́. "Òrùlé ńkọ́?" Mo tún dákẹ́.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. A jókòó, a tún un kọ: 8 fún àyè tó ṣófo, 5 fún alábòójútó, 7 fún àtúnṣe àti ìnṣọ́ránsì tí ìwé olùtà fojú fò. 80 di 60. Ti òrùlé ò sí níbẹ̀ rárá, nítorí irú ìnáwó ńlá bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣírò ilé kì í kà á mọ́ NOI. Àmọ́ àpò wa náà ló máa ti jáde. Bí a bá ṣì fẹ́ 8% tí wọ́n fi polówó ilé fún wa, 750 ló yẹ ká san. Ní 1,000, 6% là ń rà.

Ibi tí báǹkì ti wọ ọ̀rọ̀ ló wá burú jù. 700 la fẹ́ yá, èlé 7%, ká san án tán ní ọdún 25. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi 59.4 la ó máa kó fún báǹkì lọ́dọọdún. DSCR ni pé kí ẹ fi owó báǹkì pín NOI, kẹ́ ẹ wo iye ìgbà tí owó ilé lè ru gbèsè. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ń fẹ́ tó 1.20 tàbí 1.25 ó kéré tán. Pẹ̀lú 80 olùtà, 1.35 ló jáde, kò sẹ́ni tí kò ní rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú 60 wa, 1.01. Bí báǹkì bá kó tiẹ̀ tán, ohun tó kù fún àwa mẹ́fà láti pín ò tó ra gílóòbù iná sí àtẹ̀gùn. Gbogbo àwọn fídíò tí mo wò ló sọ pé owó olówó là ń fi là. Kò sí èyí tó sọ fún mi pé bí ilé bá ń mú 6% wá, tí èlé báǹkì jẹ́ 7%, bí gbèsè ṣe ń pọ̀ sí i ni èrè ẹni á máa joro.

Àwọn àgbà òwò náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ní 2006, ilé iṣẹ́ Tishman Speyer àti BlackRock ra Stuyvesant Town àti Peter Cooper Village ní New York, ilé gbígbé tó lé ní 11,000, ní bílíọ̀nù 5.4 dọ́là. Owó tí wọ́n gbójú lé ni èyí tí wọ́n máa gbà bí owó ilé bá ti gòkè, kì í ṣe èyí tó ń wọlé lójoojúmọ́. Òfin sì ti dè ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà kí owó rẹ̀ má lè fò sókè. Ní oṣù kìíní 2010, wọ́n kó ilé lé àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè lọ́wọ́. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ojú tó ń tì mí nítorí ìwé olùtà wa dín kù díẹ̀.

Ìwé àdéhùn ilé ni mo wá fẹ́ràn jù. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dùn gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ilé gan-an wà. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé triple net ni pé onílé á máa sùn ni, nítorí ayálégbé ló ń san owó orí ilé, ìnṣọ́ránsì àti owó àtúnṣe lé owó ilé lórí. Òótọ́ ni, títí ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde. Lọ́jọ́ náà, ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sọ̀ kalẹ̀ lé onílé lórí, owó ilé ò sì ní wọlé. Àwọn ìwé mìíràn sì wà tí wọ́n pè ní triple net, tí òrùlé àti ìpìlẹ̀ ṣì wà lọ́rùn onílé lójú ewé kan báyìí tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Mo tún rí i pé àyè tí ayálégbé ń sanwó fún lè ju àyè tó ń lò lọ, nítorí wọ́n máa ń bu díẹ̀ lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn gbogbogbòò mọ́ tiẹ̀.

Àṣìṣe tèmi náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Nínú Excel mi, mo ti jẹ́ kí owó ilé máa fi 10% gòkè lọ́dọọdún. Ó dùn-ún wò. Ní ọdún kẹwàá, olówó ni wá. Nígbà tí mo wá ka ìwé àwọn ọ́fíìsì òkè, wọ́n ti so owó náà mọ́lẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń lá àlá owó tí kò sí.

Ti ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ló wá parí ọ̀rọ̀. Òun nìkan ló ń san 45 nínú 100 yẹn, oṣù mẹ́jọ ló sì kù nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń ra ilé náà, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó ń rà ló lè di ẹrù lójú ọ̀nà kí ọdún tó yí po. Mo rántí Empire State Building. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1931, kò sí ilé tó ga tó o láyé, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, ayálégbé ò wá, àwọn ará New York wá ń pè é ní "Empty State Building". Gíga ò san owó ilé.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mi ò ṣe mọ́. Wọn ò dùn sí i. "Àbúrò, ìwé tó o ń kà yìí ti pọ̀ jù. Àwọn tó là ò kàwé tó báyẹn." Mi ò bá wọn jiyàn. A ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn sì dùn mí ju ti ilé lọ.

Owó tí mo ti tò jọ, díẹ̀ nínú ẹ̀ ni mo fi ra ìpín REIT, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ sórí ilé okòwò. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1960, kí ẹni tí kò lówó ńlá lè ní ìpín nínú ilé ńlá. Òfin wọn ní kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín ó kéré tán 90% èrè tó yẹ fún owó orí fún àwọn onípìn-ín. Èrè tèmi ò tó nǹkan. Ìròyìn ọdọọdún wọn ni mo ń jẹ ní tèmi: wọ́n ń kọ àwọn ayálégbé tó ń san jù síbẹ̀, wọ́n ń kọ ọdún tí àdéhùn kọ̀ọ̀kan máa parí. Ìbéèrè mẹ́ta Màmá, lójú ewé kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n pè mí. Ẹlòmíì ti ra ilé yẹn, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ sì ti tún ìwé ṣe fún ọdún márùn-ún sí i. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n kàn sọ ọ́, wọ́n sì dákẹ́ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo padà sídìí Excel lálẹ́ ọjọ́ náà. 60 ṣì ni 60, 59.4 ṣì ni 59.4. Àmọ́ irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní kò ta mí lára.

Mo ṣí ìwé àjákọ mi lówùúrọ̀ yìí, mo wo gbólóhùn onílà pupa náà, mi ò pa á rẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kékeré kan wà tí ọmọ onílé fẹ́ tà. Ayálégbé kan, ìwé tó ṣì ní ọdún mẹ́fà. Mo ti ka ìwé náà ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ni èmi àti Màmá máa lọ wò ó. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n mú dání. Wọ́n ní kí n wọ bàtà tí kì í yọ̀, orí òrùlé la ti máa bẹ̀rẹ̀.