Sí Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tí Ẹ Ń Múra Ìdánwò Wíwa Bàálù

Ẹni tí kò tíì mọ bàálù wà dáadáa, n kò ní fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ pé kó lọ ṣe ìdánwò. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá fìdí rẹmi, mo mọ̀ pé kì í sábà jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kùnà. Ìwà ni.

Èkíní, ẹ sùn dáadáa. Ẹ ti mọ ìyẹn.

Èkejì, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ìwé tí ẹ ó ti wò ó. Àbùmọ́ ló ń mú kí adánniwò túbọ̀ walẹ̀ jìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi kí adánniwò tó sọ̀rọ̀. Èyí ṣì ń dùn mí. Mo kọ́ ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti kó o sí i létí pé ìkà ni adánniwò náà. Wọ́n gbéra, ó tẹ bàálù sí òsì ní dígírì 45, ó ń yí po. Ìlànà FAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tí à ń tẹ̀ lé, kò fẹ́ kí gíga bàálù yẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Tirẹ̀ lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó rí i, ó gbé imú bàálù sókè lójú ẹsẹ̀, ó yí i parí. Adánniwò kọ nǹkan sínú ìwé, kò sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ lọmọ náà ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Nígbà tó kan ìbalẹ̀ sórí ọ̀nà kúkúrú, níbi tí táyà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà 200 lẹ́yìn àmì, ó ga jù, ó sì mọ̀. Go-around ló yẹ kó ṣe: kó fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kó gòkè, kó tún yí wá. Ìyẹn kì í múni kùnà, ọgbọ́n ni wọ́n ń kà á sí. Àmọ́ lójú tirẹ̀, àṣìṣe kejì ni. Ó fi agídí balẹ̀, ó kọjá àmì jìnnà. Ó fìdí rẹmi.

Ìgbà tí wọ́n jókòó ló tó gbọ́ pé ó yege yíyí tó ń dà á láàmú. Ìlànà náà sọ ọ́ kedere: kí èèyàn máa yẹ̀ léraléra, tàbí kó yẹ̀ kó má tètè tún un ṣe, ìyẹn ló burú. Òun sì ti tètè tún un ṣe!

FAA ka ìwà 5 tó léwu fún awakọ̀ òfuurufú, ọ̀kan nínú wọn ni "kí ni mo tún fẹ́ ṣe sí i?", ìyẹn kí èèyàn gbà pé kò sóhun tí òun lè ṣe mọ́, bíi ti ọmọ náà. Ẹ máa ń há a sórí fún ìbéèrè tó ṣáájú gbígbéra, ẹ kì í sì rántí rẹ̀ mọ́ lókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti yege, ẹ yé dẹ́rù ba àwọn tó ń bọ̀. Ọjọ́ ìdánwò kì í ṣe ọjọ́ ìkọ́ni, ìdí nìyẹn tí adánniwò fi ń dákẹ́. Bí ẹ bá kùnà, yóò sọ. Bí kò bá tíì sọ, ẹ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ máa wà á lọ.

Kí ọjọ́ náà tó kò, ẹ bẹ olùkọ́ yín kó bá yín fò láìsọ̀rọ̀ láti ìgbéra dé ìbalẹ̀, kó kàn máa kọ nǹkan sínú ìwé. Kí ẹ̀yin máa sọ ọ́ sókè: "Mo ti lọ sílẹ̀ jù, mò ń gòkè padà." Akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kì í lọ ṣe ìdánwò mọ́ láìṣe èyí.