Ọdún tí mo fi rán àwọ̀ páálí

Búlọ́ọ̀kù kúbùsù ìrépé 29 ni mo rí rán lọ́dún yìí nínú 36 tí mo pinnu láti rán. Àwọ̀ páálí ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn, àwọ̀ tí n kì í fẹ́ fi ojú kàn láti kékeré. N kò rántí ọdún mìíràn tí inú mi dùn tó báyìí sí iṣẹ́ tí n kò parí.

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Bùbá, ìró, gáùn, aṣọ ẹbí, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ìrépé tó ń jábọ́ lẹ́nu sísọ́ọ̀sì wa kì í ṣe kékeré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń kó tiwọn sínú ìrọ̀rí, àwọn kan ń dáná sun ún. Èmi ti ń tò ó pọ̀ di kúbùsù láti bí ọdún mẹ́ta. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ègé onígun mẹ́rin tí a kọ́kọ́ ń rán lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó so gbogbo wọn pọ̀, orúkọ náà sì bá a mu, torí bí bíríkìlà ṣe ń to ti ilé ni à ń tò ó. Tèmi jẹ́ ínṣì 12 níbùú lóròó. Tí mẹ́fà bá wà lórí ìlà kan, tí ìlà náà sì pé mẹ́fà, ó di ínṣì 72, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà gééré, ó sì bo ojú fóòmù ńlá kan.

Ìrépé mi wà nínú àpò ìrẹsì mẹ́fà, mo ti fi àwọ̀ yà wọ́n. Àpò aláró ló kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti pupa tẹ̀ lé e. Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń ṣe àga tí wọ́n bá ń jẹun, ni ti àwọ̀ páálí. Àwọn oníbàárà ń pè é ní kátọ̀nù. Màmá mi ò fún un lórúkọ kan pàtó; pupa rúsúrúsú ni wọ́n ń pè é, ó parí. Wọn ò sì ṣì í pè. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn baba wa fi ń pín àwọ̀. Epo wà nínú pupa, ìyeyè wà níbẹ̀, ti páálí yìí náà wà níbẹ̀.

Agboolé kan ní Bẹẹrẹ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá ti gun òkè Màpó rí á mọ ohun tí mò ń sọ: òrùlé páànù ló tẹ́ lọ rẹrẹ níbẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Abẹ́ ọ̀kan nínú wọn la wà. Tí òjò bá rọ̀, omi tó ń dà sínú garawa wa máa ń pọ́n bíi ti obì tí a rẹ sómi, ó sì máa ń kán sí kọ́là aṣọ iléèwé mi tó funfun. Ọṣẹ dúdú kò mú un kúrò. Mo tijú kọ́là yẹn gan-an. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó ara mi ná, n kò ra ohunkóhun tó jọ ọ́ mọ́, ì báà ṣe bàtà, ì báà ṣe kọ́tìnì.

Ní oṣù kìn-ín-ní, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kúbùsù tuntun, kò sì sí owó tí mo máa fi ra aṣọ kún un. Owó ṣọ́ọ̀bù ti lé. Ańkárá ní Gbági ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀. Àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló kù.

Àmọ́ kì í ṣe àìlówó nìkan ló tì mí sí i. Ní àkókò yẹn ni mò ń ka ìtàn àwọn obìnrin Gee's Bend, ìletò kan tí odò Alabama fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá gbin òwú ni wọ́n. Aṣọ oko tó ti gbó ni àwọn ìyá wọn ń gé rán kúbùsù kí òtútù má baà pa àwọn ọmọ. Ní 1966, àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀. Ní 1972, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Sears láti máa fi corduroy, aṣọ tó nípọn tó ní ìlà lójú, rán ìbòrí tìmùtìmù. Sears ló yan àwọ̀: góòlù, àwọ̀ ewé píà, pupa. Ìrépé tó ṣẹ́kù ni àwọn obìnrin náà kó lọ sílé, wọ́n sì fi rán kúbùsù tó jẹ́ pé mo lè wo àwòrán rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 2002, wọ́n pàtẹ kúbùsù Gee's Bend ní Houston, ó dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Whitney ní New York. Ní 2006 ó wà lórí sítáǹbù Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò láǹfààní láti yan àwọ̀ ló rán ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọ̀nà tí wọ́n sì fẹ́ràn jù láti fi tò ó, Housetop ni wọ́n ń pè é, ìyẹn orí òrùlé. Nígbà tí mo ka ibi tí orúkọ yẹn wà, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ fa àpò náà jáde.

Àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ègé pupa kan, ínṣì 2 àtààbọ̀ níbùú lóròó. Ẹ óò wá máa rán ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní ínṣì 1 àtààbọ̀ yí i ká, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi yí i po lẹ́ẹ̀márùn-ún. Pupa tí mo fi sáàrín yẹn, ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Log Cabin, ìyẹn ilé tí a fi ìtì igi kọ́, ni mo ti yá a. Àwọn tó ń rán ìyẹn sọ pé iná ààrò inú ilé ni. Ọ̀já 20 ló ń wọ búlọ́ọ̀kù kan. Ní búlọ́ọ̀kù 29, ó di 580, n kò sì fi owó ra ẹyọ kan nínú wọn.

Ibi tí iṣẹ́ tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti dà mí láàmú nìyí. Aránṣọ tó mọṣẹ́ níbí kì í rán aṣọ sétí. A máa ń fi aṣọ sílẹ̀ sínú dáadáa kí ó lè ṣeé tú tí oníbàárà bá sanra. Kúbùsù kò mọ ìyẹn. Kúọ́tà ínṣì ni láti etí aṣọ dé ojú ìrán, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo rán, dípò kí wọ́n jẹ́ ínṣì 12 àtààbọ̀ kí n tó so wọ́n pọ̀, ínṣì 11 àti kúọ́tà ni wọ́n jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi téèpù wọ̀n wọ́n. Ohun tí ọwọ́ mi fi lé kò ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ínṣì lọ, ṣùgbọ́n ojú ìrán mẹ́wàá ló wà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, aṣọ méjèèjì tó bá pàdé lójú ìrán kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ gbèsè náà. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo lẹ téèpù mọ́ ojú irin ẹ̀rọ, níbi tí kúọ́tà dé gan-an, n kò sì tú búlọ́ọ̀kù kankan nítorí ìwọ̀n mọ́ láti ìgbà náà.

Mo pàdánù méjì lọ́nà mìíràn. Àdìrẹ tí mo rò pé wọ́n ti fọ̀ dáadáa ṣí aró sára funfun lára ọ̀kan. Èkejì dùn mí jù. Iná ti lọ, mo fi áyọ́ọ̀nù eléédú lọ aṣọ, ẹ̀ṣẹ́ná kan fò jáde, ó sì lu búlọ́ọ̀kù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ihò bí ojú ẹ̀wà, létí pupa àárín rẹ̀. N kò ka méjèèjì yìí mọ́ 29.

Ohun tí ojú mi rí nínú àpò yẹn pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí mo ti ń pè ní àwọ̀ kan ṣoṣo, mo tú u sílẹ̀, ó pín sí òkìtì mẹ́sàn-án: èyí tó dà bí èèpo igi, èyí tó dà bí kọfí, bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, bí ẹ̀yìn àwo amọ̀, bí gúgúrú tó jóná díẹ̀. Àdìrẹ tí wọ́n fi obì pa láró wà nínú rẹ̀, èyí tó wá láti Ìtokú l'Abẹ́òkúta. Mo tún rí i pé kì í dúró lójú kan. Tí mo bá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ó máa ń dọ̀tí lójú mi, àní bí omi òrùlé ìgbà náà. Tí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aró tó dúdú dáadáa, ó máa ń pọ́n, ó máa ń gbóná. Láti búlọ́ọ̀kù kejìlá ni mo ti ń fi ọ̀já aró kan ṣoṣo sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan ní àdúgbò béèrè bóyá agọ̀ eégún ni mò ń rán. Kò ṣìṣe. Ìrépé lórí ìrépé ni agọ̀, ọdọọdún ni ìdílé ń fi aṣọ kún un.

Ní oṣù kẹwàá, Màmá kan tí mò ń rán aṣọ fún wá gba ẹ̀wù wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo ti fi pín-ìnnì kan búlọ́ọ̀kù mẹ́jọ mọ́ ògiri. Wọ́n lọ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á.

"Ọmọ mi, ṣé sányán nìyí?"

"Rárá o, Màmá. Ańkárá lásán ni, ìrépé ni."

"Ó jọ ọ́." Wọ́n tún fọwọ́ pa á. "Sányán ni baba aṣọ. Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ pé kòkòrò ló ń ṣe é?"

Mo jókòó, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi: bí wọ́n ṣe ń wá ilé kòkòrò náà lára igi nínú igbó, bí wọ́n ṣe ń sè é nínú omi eérú kí ó lè rọ̀, bí wọ́n ṣe ń ran òwú rẹ̀, àti pé àwọ̀ tó ti inú igbó gbé wá náà ni wọ́n fi ń hun ún, wọn kì í pa á láró. Mo ti gé agbádá sányán rí, mo ti rán an, mo ti gba owó rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí mo rí i pé àwọ̀ tó wà nínú àpò mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló wà lọ́rùn àwọn baba wọ̀nyẹn.

Nínú ohun tó kù lọ́dún náà: ọmọ iṣẹ́ mi méjì gba fìríìdọ̀mù, ọ̀kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un ṣe. A kò sùn lébi.

Lálẹ́ àná, mo tẹ́ búlọ́ọ̀kù 29 náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, mo dúró lórí àga, mo wò wọ́n láti òkè. Òrùlé Bẹẹrẹ ni. Pupa kọ̀ọ̀kan wà nínú ilé tirẹ̀ bí iná tí ẹnìkan dá lálẹ́. Àyè méje ṣófo ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Màmá yẹn tún padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n mú ìrépé sányán kan wá nínú ọ̀rá, ó gùn tó apá mi, wọ́n ní ara aṣọ ìgbéyàwó bàbá wọn ni. Ó nípọn ju ańkárá lọ, mo ní láti fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbe ańkárá lẹ́yìn kí méjèèjì lè jọ gba ojú ìrán kan. Ó wà lórí tábìlì ìgé-aṣọ mi láti ọjọ́ náà. Mo ti sàmì sí i pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ínṣì 1 àtààbọ̀. Mi ò tíì gé e.