Bí Ehoro Ṣe Ń Bá Ẹni Tó Ń Sìn Ín Sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Surulere níbí ni ó gbà pé ehoro kò ní ohùn, àti pé nítorí náà kò ní ohunkóhun láti sọ fún ẹni tí ó ń sìn ín. Èrò yìí máa ń dùn mí, nítorí pé tọ̀sán-tòru ni ehoro ń sọ̀rọ̀. Etí, imú, ẹsẹ̀ àti eyín ni ó fi ń sọ ọ́. Ẹran tí àṣá, ejò, ajá àti ènìyàn ń pa jẹ ni, bí ó bá sì ń ké ní gbogbo ìgbà tí ara bá ń ni ín, ọ̀tá ni yóò máa fi ọ̀nà hàn. Ìgbà tí ẹ̀rù ikú bá bà á, tàbí tí ìrora bá kọjá ohun tí ó lè mú mọ́ra, ni ó máa ń figbe ta.

Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, ìkìlọ̀ ni. Bí àwọn ehoro inú igbó ṣe máa ń ta ara wọn lólobó pé ewu ń bọ̀ nìyẹn. Ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ tí ó ṣàdédé bú sókè, ológbò tí ó gba orí ògiri kọjá, tàbí báńgà tí àwọn ọmọdé ń yìn nínú oṣù Kejìlá lè mú kí ó máa lu ilẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tí ó bá fi ìbínú gbá kéèjì rẹ̀ nítorí ariwo yìí kàn ń jẹ́rìí sí i pé òótọ́ ni ewu wà.

Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò fò sókè, yóò sì yí ara po kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí ó bá ń fi àgbọ̀n ra ẹsẹ̀ tábìlì, òórùn tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni ó ń fi sàmì sí ohun tí ó kà sí tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín ni ó gba àkíyèsí jù. Bí a bá ń fọwọ́ pa á lórí, tí ó sì ń rọra lọ eyín, ó ń gbádùn ara rẹ̀; ṣùgbọ́n bí ó bá ń run eyín kíkankíkan, tí ó ká ara jọ sí igun kan, tí ó sì di ojú díẹ̀, ìrora ni.

Mi ò fẹ́ràn bí àwọn kan ṣe máa ń gbé e ní etí lọ́jà rárá. Etí yẹn ni ó fi ń tú ooru ara rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kì í làágùn bíi tiwa. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ta ìpá kí egungun ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ṣẹ́, nítorí náà ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àyà, kí èkejì gbé ìdí rẹ̀ ró. Ojú rẹ̀ ń rí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ó wà níwájú imú rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ọwọ́ ti wá.

Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru Èkó bá ju ìwọ̀n 30 Celsius lọ, tí iná sì lọ tí fáànù dúró, ẹ máa wo imú àti etí rẹ̀. Bí etí bá gbóná, tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, ẹ gbé e sí ibòji, kí ẹ fi omi tútù tí kì í ṣe ti yìnyín nu etí náà, kí ẹ sì wá dókítà ẹranko kíákíá. Bákan náà, bí kò bá jẹun tí kò sì yàgbẹ́ fún wákàtí 12, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì, nítorí pé ìfun rẹ̀ lè ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹ sọ ìgbà tí ó jẹun kẹ́yìn fún dókítà, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, àti bí ó bá ń run eyín.